Bí Mo Ṣe Gbé Etí Kan Wálé Dípò Owó

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ Òkè-Amọ̀. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá ń ké, kó pa á lẹ́nu mọ́. Ẹni tó bá ní àlejò nílé, kó lọ mú un wá, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu mi nìkan ló ti ń dùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbé ìbọn kọ́ ògiri, eyín tó kù lẹ́nu mi kò lè jẹ àgbàdo sísun mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu tí mo fi ń ròyìn igbó kò tíì rẹ̀. Èmi Ọdẹ́gbàmí ni mo ń sọ̀rọ̀. Ẹfọ̀n tó bá gbọ́ orúkọ mi á yà sí ọ̀nà mìíràn, bó bá sì jẹ́ ẹfọ̀n tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé, á kọ́kọ́ kí mi kó tó yà.

Èmi kọ́ ni mo dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ o. Kàrímù ni. Òun náà rèé lórí bẹ́ǹṣì Sùnmọ́lá tó ń bá wa ṣáájì fóònù. Láti àárọ̀ ló ti ń sọ fún yín pé owó orí fóònù tí wọ́n ń pè ní kírípítò ni yóò gba ìlú wa là: owó tí kò ní bébà, tí kò ní báńkì, tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ kàn, tó sì lè ti Dùbáì dé Òkè-Amọ̀ kí ènìyàn tó sín tán. Àwọn kan nínú yín ní irọ́ ni. Àwọn kan ní jìbìtì ni. Àwọn kan ti ń rọra bèèrè pé èló ni wọ́n ń tà á. Ẹ wá kọjú sí mi, ẹ ní bàbá, ẹ̀yin ni àgbà, ǹjẹ́ irú owó bẹ́ẹ̀ lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwa tí ọwọ́ wa kò tó nǹkan yìí? Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi. Ṣé ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ rí owó tí a kì í rí ni? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú, mo rìn dé ìlú tí wọ́n ti ń ná irú owó náà, díẹ̀ ló sì kù kí n pàdánù ìyàwó nítorí rẹ̀.

Nígbà náà, ìkòkò ni Òkè-Amọ̀ fi ń jẹ, òun náà ló fi ń mu. Àwọn amọ̀kòkò wa kì í jókòó ti ọjà. Wọ́n á to ìkòkò sí ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n á to òkúta wẹ́wẹ́ síwájú rẹ̀ láti fi iye rẹ̀ hàn, wọ́n á sì bá iṣẹ́ wọn lọ sí kòtò amọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà á á wo òkúta, á fi owó ẹyọ síbẹ̀, á gbé ìkòkò lọ. Kò sẹ́ni tó ń jí i. Sùnmọ́lá ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ìgbà owó ẹyọ ti pẹ́ ju ọjọ́ orí mi lọ. Sùnmọ́lá, ṣé ìwọ lo bí mi ni?

Ìyà kan ṣoṣo ló ń jẹ wá. Àwọn ará òdìkejì odò Gbáàrí ló ń ra ìkòkò wa jù, iwin kan tí à ń pè ní Fúnmi-Láàbọ̀ sì ń gbé etí odò náà. Ojú kan, apá kan, ẹsẹ̀ kan ló ní, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ jẹ́ méjì. Ohun gbogbo tó bá kọjá lójú odò yẹn, ààbọ̀ tirẹ̀ ni. Ẹni tó bá ta ìkòkò lókè odò, iwin á pín owó rẹ̀ sí méjì, á da ààbọ̀ sẹ́nu, á máa run ún bí ẹ̀pà. Ọmọ wa tó bá wà níbẹ̀ tó fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ààbọ̀ ló ń dé ọwọ́ ìyá. Àwọn ènìyàn wa ń ṣiṣẹ́, iwin ń sanra.

Ìyá Àwẹ̀ró ni olórí àwọn amọ̀kòkò. Opó ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá sọ máa ń gún ni lára. Àwẹ̀ró ọmọ rẹ̀... ẹ jẹ́ n mí ná. Àwẹ̀ró pupa, ó ga, ó yọ èjí, bó bá sì rẹ́rìn-ín mo máa ń gbàgbé ibi tí mo ń lọ. Mo fẹ́ ẹ, òun náà sì fẹ́ mi. Ṣùgbọ́n Jọláoṣó aláṣọ, tí àpò owó kún abẹ́ ibùsùn rẹ̀, fẹ́ ẹ pẹ̀lú. Lọ́jọ́ tí àwa méjèèjì jọ lọ tọrọ rẹ̀, Jọláoṣó ń mi àpò owó, ó ń dún ṣaworo ṣaworo. Èmi kò ní ju ìbọn àti ẹnu lọ, ni mo bá lo ẹnu. Mo ní èmi yóò lọ mú owó kan wá tí iwin kankan kò ní lè feyín kàn, tí yóò sọdá odò lódindi.

Ìyá Àwẹ̀ró nu amọ̀ ọwọ́ rẹ̀ sára ìró. Ó ní, "Ọdẹ́gbàmí, mo gbọ́. Bó o bá mú owó náà dé, tí mo sì fi ra nǹkan lójú ara mi, o ó fẹ́ ọmọ mi. Bó o bá dé lọ́wọ́ òfo, Jọláoṣó ni yóò fẹ́ ẹ, ìwọ lo ó sì ru ẹrù ìyàwó dé ilé ọkọ."

Ẹnu ara mi ni mo fi dẹ pàkúté fún ara mi. Bí mo ṣe ń jáde, Àwẹ̀ró sìn mí dé ẹ̀yìnkùlé, ó ní bí mo bá lọ kú sínú igbó, kí n má wulẹ̀ padà wá bá òun.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà dá yín lágara. Ẹsẹ̀ ló gbé mi lọ, ẹsẹ̀ náà ló gbé mi bọ̀. Ní odò Gbáàrí, Fúnmi-Láàbọ̀ fò jáde lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ó ní kí ni mo gbé dání. Mo ní iṣu sísun ni. Ó jẹ ààbọ̀. Mo ní ẹ̀tù ìbọn ni. Ó da ààbọ̀ sínú ikùn kejì. Ó wo ojú mi, ó fá irùngbọ̀n mi lápá kan, ó sì fa etí kan ya lára fìlà abetí-ajá tí mo dé. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí n kò yìnbọn fún un. Mo yìn ín fún un. Ó gbé ààbọ̀ ọta mì, ó da ààbọ̀ yòókù padà sí mi lápò, ó ní òun kì í rẹ́ni jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni èmi, akọni ọdẹ, ṣe wọ igbó pẹ̀lú irùngbọ̀n apá kan. Àwọn ọ̀bọ ń pe ara wọn jáde láti wá wò mí.

Ìlú tí mo kọ́kọ́ kàn ni Ìlú Gòkè-Sọ̀kalẹ̀. Níbẹ̀, owó wọn ń mí. Bí inú àwọn ará ìlú bá dùn, owó á wú. Bí ẹ̀rù bá bà wọ́n, owó á sún kì. Mo ta òkété kan fún wọn, wọ́n fún mi ní owó kan tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Kí n tó yíjú padà, ó ti tó ọsàn. Ó tó elégédé. Ó di ohun tí mo ń fi apá méjèèjì gbá mọ́ra. Àwọn ènìyàn dọ̀bálẹ̀ fún mi, wọ́n gbé àga wá, wọ́n ń fẹ́ mi lábẹ̀bẹ̀, ìjòyè kan sì ń bi mí bóyá n ó fẹ́ ra òkè tó wà lẹ́yìn ìlú. Mo ti ń wo òkè náà. Mo ti ń ro ibi tí n ó kọ́ ilé Àwẹ̀ró sí lórí rẹ̀. Ni ọkùnrin kan bá sọ ní ìpẹ̀kun ọjà pé ó jọ bí ẹni pé ọba kan, níbì kan, fẹ́ fòfin de owó náà. Gbogbo ọjà tú. Kí wọ́n tó fa àga kúrò nídìí mi, owó mi ti wọ abẹ́ èékánná lọ, n kò sì rí i títí dòní.

Bàbá kan tó jókòó sídìí ògiri ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ẹ̀kọ òun kaná, òun ti là, òun ti tòṣì, òun tún ti là, ẹ̀kọ náà kò sì tíì jinná. Mo bi í bí wọ́n ṣe ń fi owó yìí ra ìkòkò. Ó ní kò sẹ́ni tó ń fi ra ìkòkò. Ẹni tó ní i ń dúró kó wú sí i ni, ẹni tí kò ní i ń dúró kó sún kì kí òun lè ní i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gba ọ̀nà mi lọ. Mo mọ̀ pé bí mo bá gbé irú owó bẹ́ẹ̀ dé iwájú Ìyá Àwẹ̀ró, orí mi ni ẹrù ìyàwó yóò wà.

Lẹ́yìn ibẹ̀ ni mo wọ Igbó Dákẹ́. Mo ti bá erin jà. Mo ti bá òjòlá sùn nínú ihò igi kan náà, tí òjòlá sì kó jáde nítorí bí mo ṣe ń hanrun. Ṣùgbọ́n igbó yẹn bà mí lẹ́rù. Mo wúkọ́, n kò gbọ́ ikọ́. Mo tẹ ewé gbígbẹ, kò dún. Mo la ẹnu kí n pe ọfọ̀, ohun kan ń gbé ọ̀rọ̀ mì kó tó dé etí mi. Ìgbà náà ni mo rí ẹranko ńlá kan tó dùbúlẹ̀ dí ọ̀nà. Kò lójú, kò nírù, ẹnu rẹ̀ nìkan ló fẹ̀ tó ẹnu ọ̀nà ilé. Gbọ́rọ̀mì ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ọfọ̀ tí àwọn bàbá mi fi mú ẹkùn, ó jẹ ẹ́ bí àkàrà, ó tún la ẹnu sílẹ̀ fún òmíràn.

Kí ni mo ní lára tó ju ọ̀rọ̀ lọ? Mo wá ibì kan jókòó sí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yin ara mi. Mo sọ bí mo ṣe fi ọwọ́ lásán mú ìmàdò. Ó gbé e mì. Mo sọ bí ọba ìlú mẹ́ta ṣe jà lórí ta ni yóò gbà mí lálejò. Ó gbé e mì. Nígbà tí mo dé ibi oríkì ìyá ìyá mi, ó ti ń mí gúlegúle, ó fẹ́ dìde kó sá, ikùn kò jẹ́. Mo ní jókòó, n kò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo wá sọ bí Àwẹ̀ró ṣe rẹwà tó, mo sì sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an láìfi nǹkan kan kún un, ni ẹranko náà bá bẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti gbé mì láti ayébáyé fọ́n sínú igbó: ẹ kú àárọ̀ àti ẹ kú ọ̀sán, ìnájà oníyọ̀, orin ìrẹmọlẹ́kún, àti ìjà orogún méjì kan tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó dá a sílẹ̀. Mo dúró láàárín wọn, mo ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tó rí òjò.

Ariwo yẹn ló pe àwọn ará Ìlú Gbogbo-Ẹnu jáde, nítorí ọ̀rọ̀ wọn ni ẹranko náà ti ń jẹ. Àwọn kan nínú wọn ní orí méjì, àwọn kan ga ju ìrókò lọ, ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni wọ́n. Wọ́n gbé mi lé èjìká dé ẹnubodè, níbi tí Ìyá Elétí ti ń ṣọ́nà. Etí ló bo gbogbo ara ìyá náà, ńlá àti kékeré, ó sì fi yẹtí sí gbogbo wọn. Ó ní kí n wọlé nítorí oore tí mo ṣe, ṣùgbọ́n àlejò kì í jáde níbẹ̀ àfi bó bá já àlọ́ òun. Ó ní, "Mo pín in fún gbogbo ayé, kò dín. Mo dá a ní lémi nìkan, ó tán. Kí ni?"

Mo ní iná ni. Ó ní ẹni tó dá iná ní tó sì ní igi, iná rẹ̀ kò ní í kú. Mo ní ọgbọ́n ni. Ó wo irùngbọ̀n mi apá kan, ó ní tèmi kò tíì tó pín.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ná owó níbẹ̀. Wọn kò ní ẹyọ, wọn kò ní idẹ, wọn kò ní àpò. Àpáta kan wà láàárín ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan á gun àpáta náà, á pariwo ohun tó ní àti iye tó fẹ́ fún ẹni tó ń tà. Gbogbo ìlú á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, wọ́n á fi sí iyè, wọ́n á ní, "A gbọ́." Ó parí. Owó ti kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan, ó ti dé ọwọ́ ẹnìkejì, kò sì sí ohun tó rìn láàárín wọn tí iwin lè bù jẹ. Mo rí ọkùnrin kan tó fẹ́ ná ohun tó ti ná lánàá. Kó tó sọ ọ́ tán, ìyá arúgbó kan tó ń yan ẹ̀pà ti ní ó ti fún ẹlẹ́mu lánàá, gbogbo ọjà sì fi í rẹ́rìn-ín títí ó fi sọ̀kalẹ̀. Inú mi dùn. Mo mọ̀ pé ohun tí mo wá wá nìyẹn.

Olórí wọn, Bàbá Ohùn-Gbooro, ní ìlú fẹ́ fi owó ńlá dá mi lọ́lá nítorí Gbọ́rọ̀mì. Ó ní kí n gun àpáta, kí n pariwo rẹ̀ kí gbogbo ìlú gbọ́. Ẹ̀yin ará mi, níbo ni wọ́n ti tọ́ mi? Òkè-Amọ̀ ni. Nílùú tiwa, ẹni tó bá là, àkísà ló ń wọ̀ lọ sóko. Bí wọ́n bá bi bàbá mi pé ṣé iṣu ta, á ní à ń bá a yí i díẹ̀díẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ iṣu ti fẹ́ wó abà lulẹ̀. Ṣé èmi ni n ó wá dúró lórí àpáta, kí n máa kéde ohun tí mo ní fún àwọn tó ní orí méjì? Kí ayé gbọ́, kí wọ́n wá ṣe mí? Mo ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ sí yín létí. Ó yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ní bóyá àṣà ìlú mi ni, ó tẹ́ etí sílẹ̀. Mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Mo bá tèmi lọ, mo ń fọwọ́ pa ikùn, mo ní mo gbọ́n ju gbogbo wọn lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fẹ́ ra ẹ̀kọ. Mo ní mo lówó. Gbogbo ọjà ní, "A ò gbọ́." Mo rò pé wọ́n ń bá mi ṣeré. Mo lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́mu, ó ní òun kò gbọ́. Mo sáré tọ Bàbá Ohùn-Gbooro lọ. Ó káàánú mi. Ó ní òun gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Bí òun nìkan bá jẹ́rìí, wọ́n á ní olórí ń dá owó sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo jókòó sídìí àpáta, mo sunkún, kò sì tì mí lójú láti sọ ọ́. Mo ń rí Àwẹ̀ró lójú ọkàn mi bó ṣe ń wọ ilé Jọláoṣó, tí èmi ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù lórí. Ibi tí mo ti ń nu imú ni àlọ́ Ìyá Elétí ti já sí mi lọ́kàn. Mo sáré dé ẹnubodè. Mo ní, "Ìyá, ẹ̀rí ni."

Gbogbo etí ara rẹ̀ mì, yẹtí wọn ń dún. Ó ní mo ti lè máa lọ, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ padà lọ pariwo.

Mo gun àpáta. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, nítorí àṣà kì í kúrò lára ènìyàn bí ẹrẹ̀. Lẹ́yìn náà mo pariwo owó mi pátápátá. Wọ́n ní, "A gbọ́," ilẹ̀ sì mì. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó máa ń dùn tó bẹ́ẹ̀ kí gbogbo ìlú mọ ohun tí ènìyàn ní, kí inú wọn sì dùn sí i. Mo wá bi Ìyá Elétí bí n ó ṣe gbé e délé. Ó ní, "Owó kò ní í bá ọ lọ. Etí ni yóò bá ọ lọ. Bí àwọn ará ilé rẹ bá gbà láti máa gbọ́ ti ara wọn, owó rẹ ti dé ibẹ̀. Bí wọn kò bá gbà, etí lásán lo gbé dání." Ó já etí kékeré kan láti ẹ̀yìn ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, tòun ti yẹtí, ó pọ́n ọn sínú ewé kókò fún mi.

Ní odò, Fúnmi-Láàbọ̀ bi mí ohun tí mo gbé dání. Mo ní etí ni. Ó ní kí n mú ààbọ̀ rẹ̀ wá. Ó gbé e sẹ́nu láti gé e. Àṣé ọjà ń ná lọ́wọ́ ní Gbogbo-Ẹnu; gbogbo ìlú ní, "A gbọ́," ó sì gba ọ̀fun iwin wọlé, ó pín sí ikùn méjèèjì. Ó ṣubú lulẹ̀ gbalaja. Ó ń ṣe òsúkè, bó bá ti ṣe é, á pe ẹ̀kọ, á pe ẹ̀pà, á pe ẹmu. Ó bẹ̀ mí kí n gba etí mi. Mo gbà á, mo sì gba etí fìlà mi pẹ̀lú.

Gbogbo Òkè-Amọ̀ pé sí agbo ilé Ìyá Àwẹ̀ró. Mo tú ewé kókò. Nígbà tí wọ́n rí etí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Jọláoṣó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ìyá Àwẹ̀ró kò rẹ́rìn-ín. Orí mi ló ń wò, bí ẹni tó ń wo ibi tí ẹrù yóò jókòó sí. Mo ṣàlàyé. Àwọn àgbà ní ìyanu ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró níta gbangba kí ó máa sọ ohun tó ní? Ọ̀kan ní ṣé kí olè lè gbọ́ ni. Ọ̀kan ní olè kọ́ ni òun ń bẹ̀rù, àwọn àna òun ni. N kò bínú sí wọn, nítorí èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kàn gbé etí náà sókè, mo pariwo ohun tí mo ní, mo sì ní mo fún Ìyá Àwẹ̀ró ní iye ìkòkò kan nínú rẹ̀. Láti inú etí náà, ohùn tíntín kan ní, "A gbọ́." Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé mi dákẹ́.

Àwẹ̀ró ní, "Mo gbọ́."

Kò pariwo. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó sì ń wò mí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹnìkan kò tó. Mo kọjú sí ìyá rẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ta ló ń ṣọ́ ìkòkò yín lẹ́bàá ọ̀nà?"

Ó ní, "Kò sẹ́nì kan."

"Òkúta tí ẹ tò síwájú rẹ̀, ta ló ń rí i?"

"Ẹni gbogbo tó bá kọjá."

Mo ní, "Ìyá, láti ọmọdé lẹ ti ń pariwo ọjà yín fún gbogbo ayé, ẹni tí ẹ kò rí lójú lẹ sì ń gbà gbọ́. Ohun tí mo gbé dé kò ju ìyẹn lọ."

Ó nu amọ̀ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Èmi náà gbọ́. Gbé ìkòkò kan. Ó ku kí n fi ra nǹkan."

Gbogbo wa tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ Ògúnṣakin alágbẹ̀dẹ. Ó fẹ́ ra ọ̀bẹ tí yóò máa fi gé amọ̀. Ògúnṣakin ní ìyá, ẹ má bínú, ẹ̀rí kò ṣeé jẹ. Jọláoṣó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mi àpò rẹ̀. Ìyá Àwẹ̀ró kò bá alágbẹ̀dẹ jà. Ó lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó gbá gbogbo òkúta wẹ́wẹ́ kúrò níwájú ìkòkò rẹ̀, ó gbé etí náà kọ́ igi, ó sì jókòó. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá fẹ́ ìkòkò òun yóò pariwo ni. Àwọn amọ̀kòkò yòókù gbá tiwọn kúrò pẹ̀lú. Àwọn ènìyàn ní yóò sú wọn. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ìyá Àwẹ̀ró jókòó.

Kò pẹ́ tí ìkòkò omi ilé Ògúnṣakin fi fọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní kò sí ìkòkò, kò sí omi. Kò sí omi, kò sí ọbẹ̀. Kí ó lọ máa rọ irin jẹ. Ògúnṣakin mú ọ̀bẹ dání wá sẹ́bàá ọ̀nà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ìyá Àwẹ̀ró fi owó àìrí ra ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ sì ní, "A gbọ́." Ògúnṣakin fi owó kan náà ra ìkòkò, wọ́n tún ní, "A gbọ́." Ó gbé ìkòkò náà, ó ń yí i wò bóyá òjìji ni. Omi ni wọ́n fi pọn lọ́jọ́ náà. Oníyọ̀ dé, elépo dé. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè odò kóra jọ sí etí omi lọ́hùn-ún, wọ́n ń pariwo ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìyá wọn, àwa náà ń dáhùn lódìkejì. Ó ń gba orí Fúnmi-Láàbọ̀ kọjá lódindi. Iwin náà la ẹnu sílẹ̀ títí, afẹ́fẹ́ ló ń wọ̀ ọ́.

Mo san owó orí Àwẹ̀ró lójú gbogbo ìlú, wọ́n sì dáhùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn adìyẹ fò gun òrùlé. Ta ló ru ẹrù ìyàwó? Jọláoṣó ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé e fún òun, nítorí aṣọ rẹ̀ ni Ìyá Àwẹ̀ró fi owó àìrí rà fún ìyàwó, kò sì fẹ́ kí ó kan ilẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín lọ lójú ọ̀nà, ó ní orí òun kì í ṣe ti ọdẹ, ó mọ ẹrù rù.

N kò ní purọ́ fún yín, ó kéré tán n kò ní purọ́ lórí ìyẹn. Owó àìrí náà kò gba gbogbo ọjà. Àwọn ọkọ tó máa ń sọ fún ìyàwó wọn pé kò sí owó ọbẹ̀ kò fẹ́ rí etí yẹn sójú. Wọ́n padà sídìí ẹyọ wọn, wọ́n ń fi pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Ìdí ìkòkò ló dúró sí, àti owó orí ìyàwó, àti ohun tó ń ti òkè odò bọ̀. Ibi tó ti wúlò ló ta gbòǹgbò sí.

Kàrímù, wọ́n wá bi mí bóyá kírípítò lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. N kò mọ fóònù, n kò sì mọ ibi tí nẹ́tíwọ̀kì ń sùn. Ṣùgbọ́n mo ti dé ìlú méjì. Ṣé ti Gòkè-Sọ̀kalẹ̀ ni tìrẹ, tí gbogbo yín á máa wò ó bóyá ó wú? Àbí ti Gbogbo-Ẹnu ni? Ta ni yóò gbé ìkòkò fún ọ nídìí rẹ̀, ibo ni onítọ̀hún yóò sì ti fi ra ọ̀bẹ? Sùnmọ́lá, ṣé ìwọ á gbà á fún ṣáájì? Ó ní náírà lòun ń gbà. Ẹ má fi Kàrímù rẹ́rìn-ín jù, ẹ̀yin ọmọ yìí. Wọ́n fi èmi náà rẹ́rìn-ín. Kàrímù, wá amọ̀kòkò tìrẹ. Bó o bá rí i, kó o jókòó tì í.

Ní tèmi, ìyá arúgbó tó ń ṣa ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà yẹn ni Àwẹ̀ró. Ó ń ṣe bí ẹni pé kò fetí sí mi, ṣùgbọ́n ó ti ń ṣa hóró ẹ̀gúsí kan náà láti ìgbà tí mo ti dárúkọ rẹ̀. Bí a bá jà, tí mo bá ní mo kábàámọ̀, gbogbo ìlú á rán mi létí ohun tí mo pariwo lọ́jọ́ náà, n ó sì panu mọ́. Mo fẹ́ tún un pariwo kí n tó dìde, nítorí mo ti darúgbó, kò sì yẹ kí irú rẹ̀ tán sí mi nínú. Àwẹ̀ró, mo fẹ́ ọ nígbà náà, mo fẹ́ ọ báyìí, mo ti pín in fún gbogbo ayé, kò sì tíì dín.

Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dáhùn.

Ó ní, "Mo gbọ́."

Ẹ̀yin ńkọ́?